Kí lẹ fẹ́ gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ọpọ́n ayò àbí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́?

Ọkùnrin agẹrun kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà tó ti Ọyẹ́-Èkìtì lọ sí Ìkọ̀lé ló bi mí ní ìbéèrè kan láìpẹ́ yìí. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó dáadáa ná. Nígbà tí mo rò ó tán, mo rí i pé òun nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ náà kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n dá a lóhùn níbí, kí gbogbo ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké lè jọ gbọ́ ọ.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọpọ́n ayò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sì wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n láti gẹrun ló máa ń ta á, àwọn tí kò tilẹ̀ ní irun tí wọ́n fẹ́ gẹ̀ náà a sì máa yà wòran. Ẹnì kan wá bá a pé òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi owó wẹ́wẹ́ ta. Agẹrun á pèsè àyè àti iná, àwọn méjèèjì á sì jọ máa pín èrè. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ní kó ṣe ni pé kó palẹ̀ ọpọ́n mọ́, nítorí ariwo àwọn àgbà kò ní jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ráyè dojú kọ ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà?" lohun tó bi mí.

Ká tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú kí eré dùn débi tí àgbàlagbà fi ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán nídìí rẹ̀.

Ilé 12 ló wà nínú ọpọ́n ayò, 6 níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 48. Ẹ ó kó ọmọ inú ilé yín kan, ẹ ó máa jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan káàkiri. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ẹ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún méje á ti mọ̀ ọ́n ta kí ìyá rẹ̀ tó ta ọjà ọjọ́ náà tán. Síbẹ̀, bàbá ẹni 70 ọdún ṣì lè jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán, kó máa fọwọ́ lérán, kó máa ronú. Eré tí èèyàn lè tètè kọ́, tí kò sì lè tètè mọ̀ tán, irú rẹ̀ kì í sú èèyàn.

Òfin kan wà nínú ayò tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Bí ilé ẹnìkejì bá gbẹ, tí kò ní ọmọ kankan mọ́, tí ẹ̀yin sì ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí ẹ ta á fún un. Ẹ kò gbọdọ̀ febi pa á. Àwọn àgbà tó gbé òfin yìí kalẹ̀ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti jókòó lásán tí kò rí nǹkan ta, eré ti kú nìyẹn, ẹni tó ń borí pàápàá kò ní gbádùn rẹ̀ mọ́. (Mo mọ àwọn onísọ̀ kan tó yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí, àwọn tó fẹ́ gba gbogbo oníbàárà aládùúgbò wọn títí tó fi kógbá sílé, tí ojú ọjà fi wá dá páropáro mọ́ àwọn náà lọ́wọ́.)

Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ti jẹ ayò kó tó parí. Ẹni tí wọ́n ti ń jẹ bọ̀ lè ti rọra kó ọmọ jọ sí ilé kan, kó pé 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó bá tú u ká, á yí gbogbo ọpọ́n po, á sì jẹ ilé bíi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́ bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń hó nígbà náà!

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ojúsàájú nínú rẹ̀. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Vrije Universiteit nílùú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti fi yẹ eré tí wọ́n ń pè ní awari wò. Ìbátan ayò wa ni, ilé 12, ọmọ 48. Wọ́n wo gbogbo bí àwọn ọmọ náà ṣe lè jókòó sínú ọpọ́n, ó lé ní 889 bílíọ̀nù ọ̀nà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ọmọ ta rárá, ọ̀mì ni wọ́n máa ta. Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ta kò ní àǹfààní kankan lórí ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ yín, ẹ̀yin lẹ ṣi ọmọ ta níbì kan. Ọ̀pẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bínú lọ sílé. Á ní kí wọ́n tún un tò.

Eré tí kò bá dùn mọ́ ṣeé tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, pàápàá nítòsí ọgbà yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, ẹ gbọ́ tiyín. Nígbà ìdíje àgbáyé ọdún 1990 ní Ítálì, góòlù 115 péré ni wọ́n gbá wọlé nínú ìdíje 52. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá ti gbá ọ̀kan wọlé kàn ń dá bọ́ọ̀lù padà fún gólì wọn, ó ń fọwọ́ gbé e, àkókò sì ń lọ. Lọ́dún 1992, wọ́n ṣòfin pé gólì kò gbọdọ̀ fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ dá padà fún un. Lọ́dún 1994 ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún sọ pé ẹgbẹ́ tó bá borí á gba àmì 3 dípò 2. Góòlù 141 ló wọlé lọ́dún náà, iye ìdíje kò sì yí padà, 52 náà ni. Ọdún yẹn gan-an ni Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje àgbáyé wọ àwọ̀n Bulgaria. Àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀lù rí i pé ọjà wọn ti ń kú, wọ́n sì tún un ṣe kí òǹwòran má bàa sá lọ. Owó tẹ́ ẹ̀ ń gbà lẹ́nu ọ̀nà lónìí wà lára èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́. Kò sí ọ̀ta níbẹ̀, kò sí ọ̀pẹ. Kò sí ohun tí ẹni tó ń ta á lè kọ́ lónìí tí á mú kó ta á dáadáa lọ́la. Ẹni tó ṣe é ti pinnu iye tí á máa mú nínú owó tó bá wọlé. Ká ṣe bí ẹni pé nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan, ó ń dá ₦90 padà, èyí tí etí á gbọ́ bí ohun rere. Ọmọkùnrin kan kó ₦1,000 sí i, ó gba ₦900, ó tún kó o sí i, ó gba ₦810, lẹ́yìn náà ₦729. Tó bá fi máa ta á nígbà mẹ́wàá, nǹkan bí ₦349 ló máa kù. Lóòótọ́, kì í lọ tààrà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè jẹ ńlá lónìí, ariwo rẹ̀ ló sì máa ń fa àwọn mìíràn wá. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, ibi tó ń lọ nìyẹn.

Ta wá ni ọmọkùnrin yìí? Oníbàárà agẹrun náà ni. Òun ló ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá tó wà lódìkejì títì, òun ló ń gbé ọ̀kadà. ₦651 tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á kan agẹrun, ìyókù á wọ mọ́tò jáde nílùú. Bí wàhálà bá sì dé, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ní November 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005, wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá láti máa ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ bi í ní ìwé àṣẹ tó gbà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì, kẹ́ ẹ sì fojú ara yín rí i.

N kò ní tan yín jẹ o. Àwọn àgbà tó ń ta ayò kì í sanwó fún bẹ́ǹṣì, iná sì gbówó lórí. Owó tí ọkùnrin yẹn ń ṣèlérí kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n agẹrun náà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn oníbàárà òun kì í kánjú, pé wọn kì í sá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bí èrò bá pọ̀. Ọpọ́n ló ń dá wọn dúró. Kó fi ọpọ́n kejì kún un, kó ra draft àti lúdò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó gbé omi tútù sítòsí, kó máa gbowó lórí fóònù tí wọ́n bá fẹ́ fi iná sí. Kó sì sọ fún gbogbo wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi owó ta nǹkan kan níbẹ̀, nítorí bí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀ ayò, ìjà kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà ṣì ń padà bọ̀ wá gba èsì. Mo ti ní kí agẹrun bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ máa ń fi owó rẹ̀ ta ẹ̀rọ náà.