Ọ̀gágun Tó Fi Ṣọ́jà Ṣọ́ Ìwé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú ń bí mi. Bí a bá ti dárúkọ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà láti 1642 sí 1651, Cromwell ṣáá ni. Cromwell ló jà, Cromwell ló bẹ́ orí ọba. Òun náà ni wọ́n gbé ère rẹ̀ nàró síwájú ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1899. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá Cromwell lójú ogun? Thomas Fairfax ni, ọmọ ọlọ́lá láti Yorkshire. Òun ni olórí ogun nígbà tí àwọn aṣòfin ṣẹ́gun ọba ní Naseby ní 1645.

Ti Naseby kọ́ ni mo bá wá o. Ní oṣù kẹfà 1646, ìlú Oxford tí ọba fi ṣe ibùdó bọ́ sọ́wọ́ Fairfax. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ṣọ́jà máa ń ṣe bí wọ́n bá wọ ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun. Aubrey, òpìtàn tó gbé ayé nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí Fairfax kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi ṣọ́jà ṣọ́ ilé ìkàwé Bodley. Aubrey ní àwọn ọmọ ogun ọba tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gé ṣéènì tí wọ́n fi de ìwé, wọ́n sì ti jí nínú wọn. Ẹ gbọ́ ná: ará ilé ń jí ìwé, ọ̀tá ló wá ṣọ́ ọ!

Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n sàga ti York ní 1644, ẹ̀tù ìbọn fọ́ ilé ìṣọ́ kan tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ àwọn mọ́ńkì sí. Ìwé fọ́n ká sínú àlàpà. Fairfax ní kí ṣọ́jà tó bá rí ìwé gbé e wá gba owó. Ó mọ èdè tí ṣọ́jà ń gbọ́!

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwé kì í ṣe ènìyàn, pé kí n rántí Colchester. Mo rántí. Ní 1648, lẹ́yìn tí ìlú náà ti túúbá, Fairfax jẹ́ kí wọ́n yìnbọn pa Lucas àti Lisle. Ẹ̀jẹ̀ wọn wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé kò lè fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ Cromwell mọ́ ni? Kí ló dé tí a fi gbàgbé èyí tó ṣe rere díẹ̀?

Nígbà tó kú ní 1671, ó fi ìwé àfọwọ́kọ 28 sílẹ̀ fún ilé ìkàwé Bodley, ewì Chaucer sì wà nínú ọ̀kan. Ó tún fi ìdì ìwé Roger Dodsworth kún un, ó lé ní 150. Dodsworth yìí, tí Fairfax ń fún lówó lọ́dọọdún, ti da púpọ̀ nínú ìwé York kọ kí ilé ìṣọ́ náà tó wó. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ti ṣègbé. Àdàkọ Dodsworth ṣì wà ní Oxford, àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣí i wò. Ère Cromwell ńkọ́? Ẹyẹlé ló ń bà lé e.