Ẹni Tó Nilẹ̀ Ń Wòran Lórí Tẹlifíṣàn

Takisí ni mo ń wà ní Bronx, ní New York. Lálẹ́ tí Yankees, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àdúgbò wa, bá gbá bọ́ọ̀lù tán, River Avenue tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wọn a dí pa, èmi náà a wá dúró de èrò. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ní kí n gbé òun lọ sí àdúgbò kan ní Bronx. New Jersey ni, tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Manhattan. Àwọn aládùúgbò mi ń gbọ́ ariwo lójú fèrèsé, tẹlifíṣàn ni wọ́n sì fi ń wòran.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe eré 81 nílé lọ́dún. Ohun tó pọ̀ tó báyìí, kò yẹ kí tikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọ́n jù fún mẹ̀kúnnù.

Ọdún 2009 ni wọ́n ṣí Yankee Stadium tuntun, tó jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Macombs Dam Park, níbi tí àwọn ọmọ Bronx ti ń ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ìjọba ìlú fọwọ́ sí i, ó tún la ọ̀nà tí Yankees fi rí owó yá tí kò ní owó orí lórí èlé. Bẹ́ẹ̀ Bronx ló tálákà jù nínú ẹ̀ka márààrún ìlú yìí. Pápá àtijọ́ ń gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 57 èrò, tuntun gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 50 nígbà tí wọ́n ṣí i. Wọ́n wá to àga ọlọ́lá síwájú, òmíràn 2,500 dọ́là fún eré kan ṣoṣo! Oṣù kan kò pé tí gbogbo ayé fi rí àga òfìfo wọ̀nyẹn lórí tẹlifíṣàn, ni wọ́n bá gé owó àwọn kan sí ìlàjì. Ẹ̀rín pa mí.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń dá iye lé tikẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù San Francisco Giants ló kọ́kọ́ gbé e dé, ní nǹkan bí 2010. Bó bá jẹ́ Boston Red Sox, ọ̀tá Yankees látijọ́, ló ń bọ̀, tó tún bọ́ sí Sátidé, owó a lọ sókè. Ẹni tó ti dúró ní Òṣòdì lásìkò òjò mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, owó ọ̀tọ̀.

Mo fẹ́ ra mẹ́rin fún ìdílé mi nígbà kan lórí ìkànnì àwọn tó ń tún tikẹ́ẹ̀tì tà. Iye tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ kọ́ ni mo bá lójú ewé ìkẹyìn. Owó iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́, owó ìfiránṣẹ́ ti wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ inú fóònù mi ni tikẹ́ẹ̀tì ń bọ̀. Ta ni wọ́n rán? Láti oṣù karùn-ún 2025, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa kọ gbogbo rẹ̀ síta látìbẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kéèyàn tètè mọ̀ pé apá òun ò ká a, ìyẹn ò ní kí apá ká a.

Àwọn kan ní owó agbábọ́ọ̀lù ló fà á tí tikẹ́ẹ̀tì fi wọ́n, pé ṣé mi ò gbọ́ pé Mets, ẹgbẹ́ kejì ní New York, fún agbábọ́ọ̀lù Juan Soto ní mílíọ̀nù 765 dọ́là fún ọdún 15. Mi ò gbà. Bí Soto bá ní òun ò gba kọ́bọ̀ mọ́ lọ́la, wọn ò ní dín tikẹ́ẹ̀tì kù níwọ̀n ìgbà tí olówó bá ṣì ń rà á. Àpò olówó ni wọ́n ń wò.

Kí Yankees ya àga sọ́tọ̀ nínú gbogbo eré fún ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé Bronx lòun ń gbé, ní iye kan pàtó tí kọ̀ǹpútà kò ní fọwọ́ kàn, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè tún tà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń dìbò níbí, ẹ lọ bá aṣojú yín nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tí ilẹ̀ Bronx mú wá fún ará Bronx, kẹ́ ẹ tó tún dìbò fún un.