Ìbéèrè Oníbodè

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìlọrin kò ní gbàgbé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá tí wọ́n ń kó ẹrù wọ ìlú yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Oníbodè a dá wọn dúró, a wo ẹrù, a gba owó ibodè, kí ó tó ṣí ọ̀nà. Òun ni mo rántí nígbà tí mo ń kà nípa Space Shuttle, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń lọ sí ojú òfurufú, tí ó sì ń padà wá balẹ̀ bí ẹyẹ, kí wọ́n tó tún un ṣe fún ìrìn-àjò mìíràn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Jánúárì, 1985, èyí tí wọ́n ń pè ní Discovery gbéra pẹ̀lú ọkùnrin márùn-ún. Ológun ni gbogbo wọn, iṣẹ́ ológun ni wọ́n bá lọ, àṣírí sì ni ẹrù inú ọkọ̀ náà. Wákàtí tí yóò gbéra pàápàá, ìgbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni aráyé tó mọ̀ ọ́n. Irú ìrìn-àjò ológun bẹ́ẹ̀ ń bá a lọ títí di 1992.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí Shuttle kúrò ní Flórídà, ó lè má lè padà sílé, kí ó má sì lè dé òkè. Ńṣe ni yóò ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá wá balẹ̀ níhà tiwa, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 lẹ́yìn tí ó gbéra. Dakar ni wọ́n kọ́kọ́ pèsè sílẹ̀ fún èyí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, pápá Yundum ní Banjul gba ipò rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé nínú ìrìn-àjò 135 tí Shuttle lọ láti 1981 títí di 2011, kò sí ọ̀kan tí ó já sọ́dọ̀ wa.

Èmi kò ní kí a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ikú ń lé. Bí ó bá ṣe pápá Ìlọrin ni wọ́n yàn, èmi pẹ̀lú yóò sáré gbé omi pàdé wọn. Ṣùgbọ́n epo hydrazine wà nínú ọkọ̀ náà, májèlé gidi sì ni. Àwọn panápaná wa ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ṣé kí wọ́n má mọ ohun tí ó kù nínú ikùn rẹ̀, nítorí pé àṣírí ológun ni?

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Amẹ́ríkà ṣì ní X-37B, ọkọ̀ àlọ-àbọ̀ ti ológun, bí kò tilẹ̀ gbé ènìyàn. Àdéhùn àgbáyé ti 1968 pàṣẹ pé kí ilẹ̀ tí èrò òfurufú bá já sí gbà wọ́n là, kí ó sì dá wọn padà. Ó tún ní bí onílẹ̀ bá fura sí ewu nínú ọkọ̀, kí ó ké sí àwọn tí ó ni ín, kí wọ́n wá mú ewu náà kúrò lábẹ́ àṣẹ onílẹ̀. Ó dára, àmọ́ ẹ̀yìn tí ọkọ̀ ti balẹ̀ ni igbe yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka òfin ní yunifásítì yìí, ẹ bá wa yẹ ìwé náà wò: níbo ni a lè fi ìbéèrè oníbodè sí, kí ọkọ̀ tó gbéra?