Odò Kì Í Ṣe Ọlọ́hun, Ṣùgbọ́n Àmánà Ọlọ́hun Ni

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bí àkọsílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ Àìkú kan, a ń sọ̀rọ̀ nípa bí omi odò Ọ̀ṣun ṣe di pupa rúsúrúsú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Arákùnrin kan, ọmọlúàbí ènìyàn tí kì í fi ìrun Àsùbáà ṣeré, dáhùn pé: "Ààfáà, kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Kí àwọn tí ń bọ ọ́ lọ wá nǹkan ṣe sí i." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Mọ̀gàríbì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí padà sí mi lọ́kàn, kò sì jẹ́ kí n sinmi títí di òní.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, mo gbà pé odò bíbọ jẹ́ mímú orogún mọ́ Ọlọ́hun, a kò sì ní dẹ́kun láti máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti bọ òòrùn rí, a kò torí èyí sọ pé kí òòrùn má ràn mọ́. Ẹni tí ó bọ odò ti ṣi odò lò. Ẹni tí ó da májèlé sí i, òun náà ti ṣì í lò. Ẹni tí ó sì dúró létí rẹ̀ tí ó ń wò ó bí ó ti ń bàjẹ́, tí ó ń dúpẹ́ pé òun kì í ṣe abọ̀rìṣà, n kò mọ ẹ̀rí tí yóò gbé síwájú Ọlọ́hun.

Ẹ jẹ́ kí a tọ odò náà lọ díẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó gba Òṣogbo, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé Aṣéjìrè, níbi tí ìjọba ti fi dáàmù dí i, kí ó tó tún máa lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti ọ̀sà Lẹ́kìí. Omi dáàmù Aṣéjìrè yìí ni ilé iṣẹ́ omi ń fà lọ sí ìgboro Ìbàdàn. Nítorí náà, bí arákùnrin mi tí ó sọ pé odò náà kò kàn wá bá ti fi omi ẹ̀rọ ṣe àlùwàlá ní Ìbàdàn rí, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ omi Ọ̀ṣun ni ó fi bọ́jú. (Bí ẹ̀rọ bá yọ omi lọ́jọ́ náà o! Ìyẹn di ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ omi a máa sẹ́ omi, wọn a sì máa fi oògùn sí i. Ṣùgbọ́n oògùn tí ń pa kòkòrò kì í pa òjé.

Kí ni ó pa odò náà láwọ̀ dà? Wúrà ni. Wúrà wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà sì ń gbẹ́ etí odò àti etí àwọn ìṣàn kéékèèké tí ń wọ inú Ọ̀ṣun. Wọn a fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ náà láti ṣa wúrà inú rẹ̀, ẹrẹ̀ tí ó kù a sì ṣàn padà sínú odò. Ẹrẹ̀ yìí ni ojú ń rí. Ohun tí ojú kò rí ni ó burú jù. Kì í ṣe gbogbo awakùsà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn a máa lo mẹ́kúrì, ohun olómi kan tí ń dán bí fàdákà, láti fi kó eruku wúrà jọ. Wọn a yan án lórí iná kí mẹ́kúrì lè kúrò lára wúrà. Apá kan a bá èéfín lọ, apá kan a bá omi lọ. Nígbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀ odò, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí a sọ ọ́ di májèlé tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹja kékeré a gbé e mì, ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré, aboyún a sì ra ẹja ńlá lọ́jà. Ọpọlọ ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Àwọn tí wọ́n bu omi Ọ̀ṣun lọ sí ilé àyẹ̀wò sọ pé àwọn rí òjé àti mẹ́kúrì nínú rẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn ènìyàn má ṣe mu ún.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé kéwú ní ilẹ̀ wa ni ó mọ tírà Al-Akhdarí, tírà kékeré nínú ìlànà Málíkì tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ìmọ́ra àti ìrun kíkí. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ pé bí nǹkan àjèjì bá yí àwọ̀ omi padà, tàbí adùn rẹ̀, tàbí òórùn rẹ̀, omi náà kò yẹ fún àlùwàlá mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tí omi wà lórí rẹ̀ ni ó yí i padà, bí ẹrọ̀fọ̀, kò burú. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lónìí: omi pupa tí ó kún fún ẹrẹ̀ lè yẹ fún àlùwàlá, nígbà tí omi tí ó mọ́ kedere, tí kò rùn, tí kò korò, lè ní májèlé nínú. Àwọn àmì mẹ́ta tí àwọn àgbà onímọ̀ fi lélẹ̀ péye fún ìjọsìn, èmi kò sì ní àfikún kankan lórí wọn. Ṣùgbọ́n nípa ti ẹ̀mí àti ìlera, ojú, ahọ́n àti imú kò tó mọ́. Ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè jẹ́rìí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwádìí omi ti di ọ̀kan nínú ọ̀ranyàn àjùmọ̀ní, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fárúdù kífáyà: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo wa ni a jẹ̀bi.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, kí ó rántí Zamfara. Ní 2010, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí kú ní àwọn abúlé kan níbẹ̀. Gìrì ń mú wọn, àwọn òbí wọn sì rò pé ibà ni. Àwọn dókítà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà lọ yẹ̀ wò ni wọ́n rí òjé nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gbé òkúta tí ó ní wúrà wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ láàárín agbo ilé, eruku rẹ̀ sì ń bà lé ẹní, lé oúnjẹ àti ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Ọmọ àwọn tí ń kírun wákàtí márààrún ni wọ́n. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni ó pa wọ́n. Àìmọ̀ ni, àti òṣì tí ó lé bàbá wọn dé ìdí wúrà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun di ọ̀rọ̀ Hausa àti Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan. Ẹni tí ó gbé ṣọ́bìrì ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń ra wúrà náà, tí ó sì ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, kì í dé etí odò rárá.

Ọlọ́hun ti sọ fún wa nínú Súrà Rúúmù, ẹsẹ̀ 41, pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ó mú ìbàjẹ́ hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Ẹ sì rántí hádíìsì ọkọ̀ ojú omi tí Bukhari gbà wá. Àwọn kan wà ní òkè ọkọ̀, àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rò pé kí àwọn kúkú lu ihò sí apá tiwọn kí àwọn lè máa rí omi pọn, kí àwọn má baà máa yọ àwọn ti òkè lẹ́nu. Ànábì sọ pé bí àwọn yòókù bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò parun; bí wọ́n bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń lu ihò náà kò ní èrò búburú. Omi ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n kí á tó lọ bá awakùsà wí, ẹ jẹ́ kí a wo ara wa. Bí wáàsí ńlá bá parí, ẹ wo orí pápá: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Níbo ni a ń gbá a lọ? Ojú gọ́tà ni. Lọ́jọ́ Iléyá, níbo ni a ń da ìgbẹ́ inú àgbò sí? Inú odò ẹ̀yìnkùlé ni. Ànábì kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí ó dúró sójú kan, àwa sì ń da ìfun àgbò tí a fi ṣe ìjọsìn sínú omi tí ẹlòmíràn ń pọn nísàlẹ̀. Ará Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò tí a ti sọ di ààtàn, tí a sì kọ́ ilé dí lọ́nà, kún bo ìlú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ó sì tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín méjèèjì. Kútúbà Jímọ́ọ̀ mélòó ni a gbọ́ lórí rẹ̀ láàárín ìgbà náà?

Àwọn kan yóò sọ pé odò tí ó ti bàjẹ́ kò lè padà bọ̀ sípò. Ní 1957, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé odò Thames ti kú, pé kò sí ẹja tí ó lè gbé nínú rẹ̀ láàárín ìlú. Wọ́n tún ibi tí ìgbẹ́ ìlú ń gbà lọ ṣe, wọ́n ń yẹ omi náà wò lóòrèkóòrè, wọ́n sì fi òfin de àwọn ilé iṣẹ́. Lónìí ẹja ti padà síbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò tó ti Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwé gíga Fountain University, tí NASFAT dá sílẹ̀ ní 2007, wà ní Òṣogbo fúnra rẹ̀, kò sì jìnnà sí odò náà. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísírì wà níbẹ̀, wọ́n sì wà ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn pẹ̀lú. Kí ni ó ní kí wọ́n má máa bu omi Ọ̀ṣun yẹ̀ wò ní oṣooṣù, ní Iléṣà, ní Òṣogbo àti ní Aṣéjìrè, kí a sì lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́sáláásí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò ìrun? Bí àwọn máálímù bá dé orí ọ̀rọ̀ omi nínú Al-Akhdarí, kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò fún wákàtí kan. Kí àwọn ìyá wa nínú ẹgbẹ́ àṣálátù gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì àti aboyún ní èdè tí ó yé wọn, nítorí àwọn ni wọ́n ń ra ẹja. Kí àwọn imáàmù ìlú Ìjẹ̀ṣà, tí àwọn olówó wúrà ń kí sààráà fún, béèrè ibi tí owó náà ti wá. Mo mọ̀ pé èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí ni yóò ṣòro jù.

Mo ti bá arákùnrin mi ọjọ́ Àìkú sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò gan-an ni ó ń kọ́ ní ilé ìwé, èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní bí a bá lè rí owó ìgò àti owó ọkọ̀, òun yóò lọ bu omi náà ní ìparí oṣù yìí.