Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọbìnrin Ka Ìwé Ìtàn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àṣìṣe ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tòní. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn mi, mo sì rí ohun tí ó yẹ kí n sọ ní gbangba, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀.

Ní ohun tí ó ju ogún ọdún lọ sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéú tí ó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa, ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Òun ni ó bi mí pé kí ló dé tí ààwẹ̀ Ramadan kì í bọ́ sí àkókò kan náà lọ́dọọdún. Òun náà ni ó bi mí bí àwọn ará ìgbàanì ṣe ń mọ ọ̀gangan ibi tí Mẹ́kà wà láti ìlú òkèèrè. Ní ọjọ́ kan, mo rí i tí ó fi ìwé kékeré kan pamọ́ sábẹ́ wàláà rẹ̀. Ìwé ìtàn àròsọ ni. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní irọ́ ni ó ń kà, mo sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí. N kò ka ojú ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kí n tó dá a lẹ́jọ́.

Ọmọ náà kò sá fún ilé kéú. Ó ń wá déédéé, ó parí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, a sì ṣe wòlímọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò tún bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Ní ọdún tó kọjá ni mo pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó forí jì mí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àfáà, ó ti pẹ́ o. Mo ti gbàgbé." Ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà ti rí fìlà àti jálámíà mi, ó yára fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó fi í pamọ́. Ìyá ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọmọ ti jogún ẹ̀rù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ìwé ìtàn kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ka ìtàn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà tí òun náà lè tọ̀, ẹni tí ó bá sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ìfẹ́ ìwé kì í ṣe àjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ìlú Basra, ní ilẹ̀ Iraq, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní al-Jahiz, ẹni tí ó kú ní ọdún 255 lẹ́yìn Hijira. Àwọn òpìtàn sọ pé kò sí ìwé tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò kà tán, àti pé a máa háyà ìsọ̀ àwọn olùtàwé kí ó lè sun ibẹ̀ mọ́jú nítorí ìwé kíkà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí ní ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, inú mi dùn dé ẹ̀yìn, nítorí èmi náà a máa fi àtùpà kàwé di òru. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà! Mo gbóríyìn fún al-Jahiz, mo sì dójú ti ọmọ tí ó ń ṣe bíi tirẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Lẹ́mọ́mù, ìwé ìmọ̀ ni al-Jahiz ń kà, kì í ṣe àròsọ." Èsì mi ni pé al-Jahiz fúnra rẹ̀ kọ odidi ìwé kan lórí ìtàn àwọn ahun, èyí tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín títí di òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ibn Tufayl, dókítà àti onímọ̀ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Andalus, ẹni tí ó kú ní ọdún 1185, kọ ìtàn ọmọ kan tí ó ń jẹ́ Hayy ibn Yaqzan. Ọmọ náà dá gbé ní erékùṣù, àgbọ̀nrín ni ó fún un ní ọmú. Nígbà tí àgbọ̀nrín náà kú, ọmọ yìí la àyà rẹ̀ láti wá ohun tí ó ti kúrò nínú rẹ̀. Ó wo iná, ó wo ìràwọ̀, ó ń ronú títí ó fi mọ̀ pé ohun gbogbo ní Ẹlẹ́dàá. Àròsọ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é ní irọ́? Irọ́ ni kí ènìyàn fẹ́ kí ọmọnìkejì rẹ̀ gbà pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé àròsọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń pa àlọ́ Ìjàpá kò ti tan ọmọ jẹ. Ẹni tí ń sọ mọ̀, ẹni tí ń gbọ́ náà mọ̀, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ Bengal, ní apá ibi tí a ń pè ní Bangladesh lónìí. Ibẹ̀ ni a bí Rokeya Sakhawat Hossain sí ní ọdún 1880, ní abúlé Pairaband, ní ẹkùn Rangpur. Ọlọ́rọ̀ onílẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni. Ṣùgbọ́n lójú bàbá yìí, kí ọmọbìnrin mọ Àlùkùránì kà kí ó sì mọ èdè Urdu díẹ̀ ti tó. Ẹ̀gbọ́n Rokeya ọkùnrin ni ó ń kọ́ ọ ní èdè Bengali àti Gẹ̀ẹ́sì ní òru, pẹ̀lú iná àbẹ́là, lẹ́yìn tí ará ilé bá ti sùn tán. Nígbà tí ó lọ sí ilé ọkọ, Ọlọ́hun fi ọkọ rere ta á lọ́rẹ, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó gbà á níyànjú láti máa kàwé kí ó sì máa kọ̀wé.

Ní àkókò kan tí ọkọ yìí rìnrìn-àjò iṣẹ́, tí Rokeya dá wà nílé, ó kọ ìtàn kékeré kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àkọlé rẹ̀ ni Sultana's Dream, èyíinì ni Àlá Sultana, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní ìlú Madras sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1905. Nínú ìtàn náà, Sultana bá ara rẹ̀ ní ìlú kan tí àwọn obìnrin ń ṣe àkóso rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin sì wà nínú ẹ̀há. Yunifásítì méjì ti àwọn obìnrin wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti àkọ́kọ́ ṣe bàlúù ńlá kan tí wọ́n fi ń fa omi láti inú òfuurufú, ọ̀dá àti ìkún-omi sì di ohun ìgbàgbé. Àwọn ti èkejì ṣe ẹ̀rọ tí ó ń kó ooru oòrùn jọ, tí wọ́n fi ń dáná oúnjẹ láìsí èéfín. Àwọn ọkùnrin ìlú náà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dé, tí àwọn jagunjagun kò rí i gbé ṣe mọ́, ọ̀gá yunifásítì kan kó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 2,000 jáde, wọ́n da ooru oòrùn kọ ojú ọ̀tá, ọ̀tá sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìtàn náà ni mo fara mọ́. Kí a ti ọkùnrin mọ́lé kì í ṣe ètò tí ẹ̀sìn wa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi làákàyè wò ó. Àwàdà ni, àwàdà tí ó ní egungun nínú. Bí ó bá dun ọkùnrin láti kà pé a sé òun mọ́ inú ilé láìṣẹ̀ láìrò, tí a sì fi ìwé dù ú, kí ó rántí ọmọbìnrin tí a fi irú rẹ̀ ṣe ní tòótọ́. Ẹ̀há ara kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ẹ̀há bo ọpọlọ. Shifa ọmọ Abdullah ni ó kọ́ Hafsa, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo, ní ìwé kíkọ, Ànábì sì mọ̀ sí i, kò kọ̀ ọ́.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé ìtàn yẹn. Ọkọ Rokeya kú ní ọdún 1909. Ní ọdún náà gan-an ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Bhagalpur ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ kò gbà á mọ́, ó kó lọ sí Calcutta, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1911 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 8 péré. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn òbí Mùsùlùmí pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ wọn. Ní ọdún 1916, ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1932, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní Calcutta títí di òní, àwọn ará Bangladesh sì ń rántí rẹ̀ ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún. Yunifásítì inú àlá ni ó kọ́kọ́ kọ́ sórí ìwé, lẹ́yìn náà ni ó fi bíríkì kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ṣé a ó wá sọ pé àròsọ kò wúlò?

Àpẹẹrẹ kejì kò jìnnà sí ìbéèrè ọmọ tí mo fi ìwé dù. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, olùtàwé kan ní Baghdad, Ibn al-Nadim, kọ ìwé tí ó to orúkọ àwọn onímọ̀ àti ìwé wọn lẹ́sẹẹsẹ. Láàárín àwọn tí ó mọ astrolabe ṣe, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń wo oòrùn àti ìràwọ̀, tí a sì lè fi mọ àkókò ìrun àti ọ̀gangan Kíbúlà, ó dárúkọ obìnrin kan, ọmọ al-Ijli, tí ó bá Sayf al-Dawla ṣiṣẹ́ ní ìlú Aleppo. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni ó sọ nípa rẹ̀. Ó kọjá ẹgbẹ̀rún ọdún kí Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó gbọ́ ìtàn obìnrin yìí. Nínú ìwé àròsọ rẹ̀ Binti, tí ó jáde ní ọdún 2015 tí ó sì gba ẹ̀bùn Hugo ní ọdún 2016, ọmọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kan tí ó mọ ìṣirò bí ẹni mowó ń ṣe astrolabe, yunifásítì ńlá kan ní àárín ìràwọ̀ sì gbà á wọlé. Binti sá kúrò nílé láìdágbére fún òbí rẹ̀, èyí tí n kò gba ọmọ kankan níyànjú láti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí àwọn òbí rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ni yóò mú un sá?

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn mẹ́rin.

Ìkínní, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe dá ìwé lẹ́jọ́ kí ẹ tó kà á. Òótọ́ ni pé ìwé ìtàn tí ó kún fún ìṣekúṣe wà, n kò sì ní kí ẹ gbé e fún ọmọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé òkúta wà nínú ìrẹsì, a kì í da ìrẹsì nù. Ńṣe ni a ń ṣà á.

Ìkejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin, bí ẹ bá rí obìnrin onímọ̀ nínú ìtàn, ẹ má ṣe fi mọ sí ìtàn. Ẹ lọ ka ìwé físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò tí yóò sọ ọ́ di òtítọ́. Lónìí, sólà wà lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí púpọ̀, òun ni ó ń fa omi tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Obìnrin inú àlá Rokeya ti ronú bí a ó ṣe gba agbára lọ́wọ́ oòrùn láti ọdún 1905. Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ ọmọ wa obìnrin ni yóò ṣe èyí tí ó kàn?

Ìkẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ̀yin náà ẹ ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹ̀yin ni ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọ̀la. Bí kò bá sí ẹ̀gbọ́n tí ó tan àbẹ́là àti ọkọ tí ó gbà á láyè, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ Rokeya?

Ìkẹrin, kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní pẹpẹ ìwé, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ìwé kan sí i, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní apá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo gbé síbẹ̀ ni èyí tí mo tì mọ́ inú àpótí láti ọdún wọ̀nyí. Mo ti kà á tán báyìí. Kò sí ohun búburú kan nínú rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ kékeré yẹn pé kí ó mú un wá ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìrun Alásàrí, kí ó wá kà á ní gbangba níwájú mi. Àdúà mi ni pé kí ó gbé ìbéèrè wá pẹ̀lú.

Ọlọ́hun Ọba kí ó fi kún ìmọ̀ wa, kí ó sì ṣe ìmọ̀ náà ní èyí tí yóò ṣe wá ní àǹfààní. Àmín.