Ìgbafẹ́ ojú òkun: kí fóònù má sọ ọ́ di gbèsè

Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, kó má rò pé bíi tilé ni o. Kò sí òpó nẹ́tíwọ̀kì láàárín agbami. Sátẹ́láìtì lọkọ̀ ń lò. Àwọn kan jìn sókè tó 36,000 kìlómítà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó falẹ̀. Ti Starlink, tí Royal Caribbean gbà wọlé lọ́dún 2022, ò ju nǹkan bíi 550 lọ, ó sì yá. Owó ẹ̀ wọ́n, àmọ́ ó sábà máa ń dín fún ẹni tó bá san án kó tó wọkọ̀. Fóònù gan-an ló léwu: tó bá lọ so mọ́ nẹ́tíwọ̀kì fóònù inú ọkọ̀ fúnra ẹ̀, gbèsè dé nìyẹn! Kí onítọ̀hún yáa tan airplane mode, kó tó ṣí Wi-Fi. Àbí ta ló fẹ́ jayé lójú òkun, kó wá bá gbèsè nílé?