Dígí Tí Ó Ní Ìwé, Iyùn Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ àtijọ́ àwọn òṣèré sinimá Amẹ́ríkà bá wáyé láàárín àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, gbólóhùn kan náà ni ó máa ń jáde: “Dígí lásán ni, ayédèrú ni.” Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fi ọwọ́ kan iyùn ọrùn wọn. Ìdájọ́ náà yá jù. Ilé tí ó ti ta ìlẹ̀kẹ̀ baba ńlá rẹ̀ láìkọ orúkọ ẹni tí ó rà á sílẹ̀ kò ní ẹnu láti fi dígí ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí dígí náà ṣe di ohun iyì. Ní ọdún 1934, fíìmù kan tí wọ́n pè ní The Affairs of Cellini jáde, ìtàn ilẹ̀ Ítálì láyé àtijọ́. Eugene Joseff rí i pé aṣọ ayé àtijọ́ ni òṣèrébìnrin inú rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà ọrùn òde òní ni ó fi sí i. Ó sọ ọ́ fún Walter Plunkett, ọ̀gá nínú iṣẹ́ aṣọ fíìmù. Plunkett ní bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ṣe é. Joseff sì ṣe é. Ó ń yẹ ìwé àti àwòrán àtijọ́ wò kí ọ̀ṣọ́ lè bá ìgbà tí ìtàn kọ̀ọ̀kan ń sọ mu. Àwọn àgbà ní wúrà tí yóò dán, yóò la iná kọjá. Ti Joseff yàtọ̀: nítorí iná ni tirẹ̀ kò ṣe gbọdọ̀ dán. Àtùpà ńláńlá ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù máa ń mú kí wúrà kọ mànà lójú ẹ̀rọ, nítorí náà ó wá àwọ̀ wúrà kan tí kò kọ mànà. Ọ̀ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Gone with the Wind ti ọdún 1939.

Ọgbọ́n rẹ̀ tí ó tóbi jù kò sí nínú dígí. Joseff kì í ta ọ̀ṣọ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù. Ṣe ni ó ń fi í háyà. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀gbà á padà sínú àpótí rẹ̀. Fún àwọn obìnrin tí ó fẹ́ dà bí àwọn òṣèré, ó ṣe irú rẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí ilé ìtajà. Àwòkọ ni wọ́n rà. Èyí tí òṣèré fi ṣeré kò kúrò nílé. Jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú pa á ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n Joan Castle Joseff, ìyàwó rẹ̀, di ilé náà mú títí ó fi kú ní ọdún 2010.

Ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà ni Jacqueline Kennedy, kì í ṣe òṣèré, síbẹ̀ ọ̀ràn tirẹ̀ là gbangba. Ní ọdún 1996, wọ́n gbé ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ onípele mẹ́ta sí gbàǹjo ní New York. Péálì àtọwọ́dá ni. Wọ́n rò pé yóò mú 500 sí 700 dọ́là wá. 211,500 dọ́là ni wọ́n rà á. Kì í ṣe dígí ni wọ́n san owó yẹn fún. Àwòrán ló jẹ́rìí pé ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀gbà náà wà. Nítorí ìdí kan náà, kí ẹni tí wọ́n bá ń polówó yẹtí tuntun “bíi ti Marilyn Monroe” fún ṣọ́ra: “bíi ti” kì í ṣe “ti”.

Àwọn kan yóò fèsì pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kí ni ti Hollywood láàfin? Òdodo ni òwe náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń pa á gan-an ni ó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ wọn. Nígbà tí oníṣòwò bá dé, àwọ̀ àti ìwọ̀n iyùn ni ó ń wò. Ọba tí ó fi í joyè, ayaba tí ó jogún rẹ̀, ọdún tí wọ́n fi í ṣe: kò sí èyí tí ó wọ inú owó náà, nítorí kò sí ìwé tí ó sọ ọ́. Ní ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣúra 26 ti ààfin Àgbómẹ̀, tí ogun kó lọ ní ọdún 1892, padà fún Benin. Ohun tí àkọsílẹ̀ ń bẹ lórí rẹ̀ ni ẹnu ká láti béèrè. Ta ni yóò béèrè iyùn tí ọmọ ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà ní òru?

Kí ilé kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n ka ẹyọ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó lò ó, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Bí ọmọ ìdílé bá fẹ́ fi ṣe ìyàwó, kí wọ́n yá a níwájú ẹlẹ́rìí, kí ó sì padà. Bí ó bá jẹ́ oge ló wu àwọn ọ̀dọ́, kí oníṣọ̀nà sín irú rẹ̀ fún wọn, kí ojúlówó má kúrò nílé. Joseff fi dígí ṣe èyí. Ojú ni ó yẹ kí ó ti ẹni tí ó ní iyùn tí kò lè ṣe é.